Òǹkà Kan Kò Tó fún Omi Etíkun

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹni tó bi mí fi àwòrán-ìlà méjì síwájú mi. Èkínní jẹ́ ti pH omi, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kíkan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe ń di kíkan sí i), ní ibùdó ALOHA, ní agbami Pàsífíìkì ní àríwá erékùṣù Oahu ní Hawaii, níbi tí àwọn onímọ̀ ti ń bu omi wọ̀n láti ọdún 1988. Ìlà náà ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 0.0018 lọ́dún. Èkejì jẹ́ ti omi etíkun tí koríko inú òkun kún, níbi tí pH ti ń gòkè lọ́sàn-án tó sì ń wálẹ̀ lóru, tí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti òru kan ṣoṣo sì lè ju 0.5 lọ. Ìbéèrè rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: bí àwọn ẹ̀dá etíkun bá ń fara da irú ìyípadà yìí lójoojúmọ́, kí ni ariwo tí à ń pa lórí 0.1 tí pH ojú òkun fi dín kù láti ìgbà tí aráyé ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi èédú ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ?

Èsì tó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé ìṣísẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n pH jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà 0.1 yẹn dúró fún àfikún íọ́ọ̀nù háídrójìn, èérún tó ń mú kí omi di kíkan, tó tó 26 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Òtítọ́ ni, àmọ́ kò kan ìbéèrè náà rárá, nítorí orí òṣùwọ̀n kan náà ni 0.5 ti etíkun wà. Bí a bá fi ìlọ́po kà á, ti etíkun ni yóò tún tóbi jù. Mo mọ̀ pé ìdáhùn gidi wà níbì kan, mo sì ń fura pé kò sí nínú pH fúnra rẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìṣirò

Søren Sørensen ló dá òṣùwọ̀n pH sílẹ̀ ní ọdún 1909, ní ilé ìwádìí Carlsberg ní Copenhagen, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí fún iṣẹ́ ọtí bíà. Òṣùwọ̀n náà rọrùn, ó sì tètè gba ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí ohun tó ń kà ṣe kéré tó nínú omi òkun. Nínú omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.1, íọ́ọ̀nù háídrójìn kò ju nǹkan bí nánómóòlù 8 lọ nínú kílógíráàmù omi kan (móòlù ni òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń ka èérún). Kábọ́ọ̀nù tó yòrò sínú kílógíráàmù kan náà sún mọ́ máíkrómóòlù 2000, èyí tó jẹ́ nánómóòlù mílíọ̀nù méjì. Ìyẹn ni pé fún íọ́ọ̀nù háídrójìn kọ̀ọ̀kan, kábọ́ọ̀nù tó wà níbẹ̀ lé ní 200,000. Kì í ṣe pH ló ń darí ọ̀rọ̀. pH ni ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn tó pọ̀ jù ú lọ bá ti ṣírò láàárín ara wọn tán.

Àwọn tó pọ̀ jù ú lọ náà kò ju mẹ́ta lọ. Bí CO2, gáàsì tí èédú tó ń jó ń tú sínú afẹ́fẹ́, bá wọ inú omi òkun, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó máa ń wà bí gáàsì. Nínú gbogbo kábọ́ọ̀nù tó yòrò sí ojú òkun, nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ báíkábọ́nééti, nǹkan bí 9 jẹ́ kábọ́nééti, ìyókù tí kò ju nǹkan bí 1 lọ ni CO2 gan-an. Ohun tó yẹ kí á fi sọ́kàn ni pé CO2 tuntun tó bá wọlé máa ń pàdé kábọ́nééti, àwọn méjèèjì á sì di báíkábọ́nééti. Kábọ́nééti yìí kan náà ni àwọn ẹ̀dá oníkarawun àti kórálì nílò, pẹ̀lú kálíṣíọ́ọ̀mù, láti fi kọ́ ara wọn. Gáàsì tó wọ òkun ń gba ohun èlò ìkọ́lé lọ́wọ́ wọn kí ó tó di pé a sọ̀rọ̀ nípa pH rárá.

Ìwọ̀n kan tún wà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í fi ṣeré, ìyẹn alikalíníìtì. Òun ni iye ásíìdì tí a ní láti kán sínú omi kí báíkábọ́nééti àti kábọ́nééti inú rẹ̀ tó tán. Ara àpáta tí òjò ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lórí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá, odò ló sì ń gbé e lọ sínú òkun láti àìmọye ọdún. Ìwà kan tó mú kí alikalíníìtì ṣe pàtàkì sí mi ni pé gáàsì CO2 kì í yí i padà. Kí gáàsì wọlé, kí gáàsì jáde, iye rẹ̀ kò ní yẹ̀. Àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù ni yóò gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀, pH yóò sì tẹ̀ lé e.

Ohun mẹ́rin ni a lè wọ̀n tààrà nínú omi òkun nípa ọ̀rọ̀ yìí: pH, alikalíníìtì, àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù, àti agbára tí CO2 inú omi fi ń ti ara rẹ̀ jáde sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá mọ méjì nínú wọn, tó sì mọ bí omi ṣe gbóná tó àti iye iyọ̀ inú rẹ̀, lè fi ìṣirò rí méjì yòókù. Ernie Lewis àti Doug Wallace gbé ètò kọ̀ǹpútà kan jáde fún ìṣirò náà ní 1998, CO2SYS, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lò títí di òní. Ẹni tó bá sì mọ ẹyọ kan ṣoṣo kò tíì mọ nǹkan kan tó dájú, nítorí ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Àmì méjì lórí ìlà kan

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo jáwọ́ nínú kíka àlàyé, mo mú ìwé onílà àti pẹ́ńsùlù. Mo fẹ́ fa àwòrán kan tí Kenneth Deffeyes ṣàlàyé ní 1965, èyí tí àwọn onímọ̀ òkun ṣì ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Alikalíníìtì ni a ń kọ sí ìlà tó dúró lóòró, àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù sì wà ní ìlà tó nà gbalaja nísàlẹ̀. Àwọn ìlà pH a máa gba àárín wọn kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lápá òsì lọ sí òkè lápá ọ̀tún. Ẹwà àwòrán yìí ni pé gbogbo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí omi òkun ní ìdojúkọ tirẹ̀ lórí ìwé náà. Gáàsì tó ń wọlé ń ti omi lọ sí ọ̀tún gbalaja. Ewéko omi tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ń fà á padà sí òsì, pẹ̀lú ìgbésókè tí kò tó nǹkan nítorí náítírééti, oúnjẹ ewéko, tí ó ń gbà mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀dá inú omi bá ń mí, tàbí tí òkú wọn bá ń jẹrà, omi a tún padà sí ọ̀tún.

Karawun ni ó ní ọ̀nà tó ya ènìyàn lẹ́nu jù. Bí kórálì tàbí ẹ̀dá oníkarawun kan bá kọ́ ẹyọ kan nínú ilé rẹ̀, ó ń mú alikalíníìtì wálẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ó sì ń mú kábọ́ọ̀nù lọ sí òsì ní ẹyọ kan. Ẹ fa á wò: omi náà ń gba àárín àwọn ìlà pH kọjá lọ síbi tí pH ti kéré. Kíkọ́ karawun ń dá CO2 sílẹ̀ nínú omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kábọ́ọ̀nù ni ó ń tì mọ́ inú òkúta. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé kí á máa sin ẹ̀dá oníkarawun kí wọ́n lè bá wa fa gáàsì kúrò nínú afẹ́fẹ́. Àwòrán yìí kò fara mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Mo wá fi àmì sí ibi tí omi ojú agbami ilẹ̀ olóoru máa ń wà: alikalíníìtì nǹkan bí 2300, kábọ́ọ̀nù nǹkan bí 2000, gbogbo rẹ̀ ní máíkrómóòlù nínú kílógíráàmù kan. Lẹ́yìn náà ni mo fi àmì kejì sí ibi tí omi ẹnu odò kan yóò bọ́ sí, níbi tí òjò àti odò ti là á títí tí alikalíníìtì rẹ̀ fi kù sí ìdajì. Mo ń retí pé àmì méjèèjì yóò jìnnà síra wọn, wọ́n sì jìnnà síra. Ohun tó dá ọwọ́ mi dúró ni pé orí ìlà pH kan náà ni àwọn méjèèjì lè jókòó sí.

Mo wò ó pẹ́. Ẹ̀rọ ìwọ̀n pH tó dára jù lọ láyé, tí a bá tì í bọ inú omi méjèèjì, yóò ka òǹkà kan náà jáde. Bẹ́ẹ̀, kábọ́nééti inú èkejì kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Oníṣòwò méjì lè ní iye owó kan náà lápò lónìí, kí ọ̀kan ní ọjà rẹpẹtẹ nínú sọ́ọ̀bù, kí èkejì má sì ní ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ìnáwó bá dé ni ìyàtọ̀ wọn yóò hàn. Ìnáwó omi òkun ni CO2 tó ń wọlé. Bí a bá ti omi méjèèjì lọ sí ọ̀tún pẹ̀lú iye kábọ́ọ̀nù kan náà, pH ti ẹnu odò yóò jábọ́ ju ti agbami lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òǹkà kan náà sì lè jẹ́ ti omi méjì tí ipò wọn kò bára mu rárá.

Àlọbọ̀ àti àlọ-àìbọ̀

Láti orí ìwé yẹn ni mo ti wá rí ohun tó yẹ kí á sọ nípa koríko inú òkun. Lọ́sàn-án, koríko náà ń fa omi lọ sí òsì. Lóru, ó ń mí, ohun gbogbo tó ń gbé inú ẹrẹ̀ ń mí, omi sì ń padà sí ọ̀tún. Alikalíníìtì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àlọbọ̀ ni, lórí ìlà gbalaja kan náà, láàárín àárọ̀ sí àárọ̀. CO2 tó ń ti inú afẹ́fẹ́ wọ òkun ń rìn ní ojú ọ̀nà yìí kan náà, sí ọ̀tún, àmọ́ òun kì í padà. Nígbà tí a bá wo pH nìkan, ìrìn méjèèjì jọ ara wọn, a sì ń fi títóbi wọn wé ara wọn bí ẹni pé irú kan ni wọ́n. Orí ìwé ni a ti ń rí i pé èyí tó kéré ni ó ń ṣí èyí tó tóbi nípò.

Ohun kejì wà níbẹ̀ tó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn ìlà pH kò jìnnà síra wọn bákan náà níbi gbogbo lórí àwòrán náà. Bí omi ṣe ń lọ sí ọ̀tún, tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ń sún mọ́ iye alikalíníìtì rẹ̀, ni àwọn ìlà náà ń fún mọ́ra. Iye kábọ́ọ̀nù tí koríko ń dá padà lóru lè má yí padà láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá, síbẹ̀ pH tí yóò jábọ́ nítorí rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, nítorí ibi tí ìlà ti fún ni ìrìn náà ti ń wáyé báyìí. Àfikún CO2 ń sọ ìsàlẹ̀ òru di ìsàlẹ̀ sí i, ó sì ń mú kí ìyàtọ̀ ọ̀sán àti òru fẹ̀ sí i. Ẹ̀dá tó ń fara da wákàtí díẹ̀ lóru nítorí pé ilẹ̀ yóò mọ́ lè wá bá ara rẹ̀ nínú wákàtí tó gùn ju èyí tó mọ̀ lọ. Nítorí náà, ìyípadà ńlá tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní etíkun kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé ìyípadà kékeré kò léwu. Níbi tí omi ti ń sún mọ́ etí ààlà lálaalẹ́ ni ìṣípò kékeré ti ń rí ohun ṣe.

Ìdí tí agbami fi ṣeé fọkàn tán

Èyí kò sọ pé pH agbami òkun kò wúlò. Ó wúlò nítorí pé agbami kò ní ọwọ́ púpọ̀ tó ń rú u. Lójú agbami, alikalíníìtì máa ń tẹ̀ lé iyọ̀ inú omi pẹ́kípẹ́kí: níbi tí oòrùn bá ti fa omi lọ, méjèèjì á ki, níbi tí òjò bá ti rọ̀ púpọ̀, méjèèjì á là. Ẹni tó mọ iye iyọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ alikalíníìtì, nítorí náà pH tó wọ̀n níbẹ̀ ti ní ẹnìkejì láìjẹ́ pé ó wá a lọ. Gáàsì náà kì í yára: ọ́ksíjìn ojú òkun máa ń bá ti afẹ́fẹ́ dọ́gba láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ CO2 lè gba oṣù púpọ̀ títí dé nǹkan bí ọdún kan, nítorí gbogbo báíkábọ́nééti àti kábọ́nééti tó ní láti bá ṣírò.

Roger Revelle àti Hans Suess ló pe àkíyèsí ayé sí bí ìṣirò yẹn ṣe le tó, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1957. Òǹkà tí a fi orúkọ Revelle pè máa ń wà ní nǹkan bí 10: bí CO2 inú omi bá fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lágbára sí i, àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò ní fi ju nǹkan bí ìdá 1 pọ̀ sí i. Nínú omi gbígbóná ti ilẹ̀ olóoru òǹkà náà wà ní nǹkan bí 8 tàbí 9. Nínú omi tútù tó sún mọ́ ìpẹ̀kun ayé, ó ń lọ sí nǹkan bí 15. Bí ó ṣe ń ga sí i ni òkun ń lọ́ra sí i láti gba gáàsì. Ní 1958, Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn CO2 inú afẹ́fẹ́ lórí òkè Mauna Loa, nígbà tí ó wà ní nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù. Kí iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, nǹkan bí 280 ni. Ó ti kọjá 420 báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan nínú ohun tí aráyé ń tú jáde lọ́dọọdún.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí á tó lè rí 0.0018 lọ́dún, ẹni tó wọn omi ní 1990 àti ẹni tó wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún gbọ́dọ̀ máa lo òṣùwọ̀n kan náà. Andrew Dickson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí Scripps ní California ni wọ́n yanjú èyí. Wọ́n ń sẹ́ omi òkun, wọ́n ń fi májèlé mẹ́kúrì díẹ̀ sí i kí ohun ẹlẹ́mìí kankan má bàa yí i padà, wọ́n á wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n á sì dì í sínú ìgò ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwádìí káàkiri ayé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ òun ń purọ́ á wọn omi inú ìgò náà. Kò sí ẹni tó máa ń ya àwòrán ìgò yìí sórí ìwé ìròyìn. Lójú tèmi, ó ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ àwòrán-ìlà tí à ń pín kiri lọ, nítorí láìsí i, ìlà tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ALOHA àti èyí tó jọ ọ́ nítòsí Bermuda kò ní ju ariwo ẹ̀rọ lọ.

Etíkun: ọwọ́ ti pọ̀ jù nínú àwo

Ní etíkun, alikalíníìtì kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí iyọ̀ lẹ́nu mọ́. Odò Mississippi ń gbé alikalíníìtì púpọ̀ wá nítorí òkúta ẹfun tó wà lọ́nà rẹ̀; ti Amazon kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi méjì tí iyọ̀ wọn dọ́gba, ọ̀kan níwájú ẹnu Mississippi, èkejì níwájú ẹnu Amazon, yóò jìnnà síra gan-an lórí àwòrán Deffeyes. Odò fúnra rẹ̀ kì í dúró lójú kan: Peter Raymond àti Jonathan Cole fi hàn ní 2003 pé alikalíníìtì tí Mississippi ń gbé lọ sí òkun ti pọ̀ sí i, wọ́n sì so ó mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ lórí ilẹ̀ tí odò náà ń fọ̀. Ohun tí a ṣe sórí oko, ẹnu odò ni a ti ń bá a pàdé.

Ajílẹ̀ tún ní ọgbọ́n ẹ̀tàn kan. Tó bá ṣàn dé etíkun, ewéko omi á hù bo ojú omi, á fa CO2, pH ojú omi á sì gòkè. Ẹni tó bá bu omi lókè nìkan yóò mú ìròyìn ayọ̀ lọ sílé. Àmọ́ ewéko náà á kú, á rì, á jẹrà, omi ìsàlẹ̀ á sì pàdánù ọ́ksíjìn rẹ̀, CO2 á kún ibẹ̀. Wei-Jun Cai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé ní 2011 bí èyí ṣe ń mú kí omi ìsàlẹ̀ túbọ̀ di kíkan ní àríwá Gulf of Mexico, ju ohun tí CO2 inú afẹ́fẹ́ nìkan lè fà lọ, nítorí pé méjèèjì jọ ń jẹ ìfaradà omi kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yé mi jù lọ ni Netarts Bay, ní etíkun Oregon ní Amẹ́ríkà. Ilé ìtọ́jú Whiskey Creek ń sin ọmọ ọ́yísítà níbẹ̀, ẹ̀dá oníkarawun méjì tí à ń jẹ. Ní 2007 àti 2008, àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú rẹpẹtẹ. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí kòkòrò bakitéríà, wọ́n gbógun tì í, ikú kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí Alan Barton tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti Burke Hales onímọ̀ òkun bẹ̀rẹ̀ sí í wọn omi náà, wọ́n rí i pé ikú ń tẹ̀ lé atẹ́gùn. Atẹ́gùn ìgbà ẹ̀rùn níbẹ̀ máa ń ti omi ojú òkun kúrò ní etíkun, omi ìsàlẹ̀ á sì ru sókè láti dípò rẹ̀. Omi ìsàlẹ̀ yìí tutù, ó sì ti kó CO2 gbogbo ohun tó jẹrà lọ́nà jọ. Nínú ìwádìí tí Richard Feely àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2008, wọ́n ṣírò pé ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí omi bẹ́ẹ̀ ti rí afẹ́fẹ́ kẹ́yìn. Nítorí náà, CO2 tó bá a wá láti inú afẹ́fẹ́ jẹ́ ti ìgbà àwọn òbí wa. Èyí tí à ń tú jáde lónìí ṣì wà lọ́nà.

Ẹ wá wo oògùn méjì tí wọ́n lò. Èkínní, wọ́n yí àkókò tí wọ́n ń fa omi sínú táǹkì padà: wọn kì í fà á láàárọ̀ mọ́, àfi ní ọ̀sán gangan títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí koríko inú omi bá ti fi oòrùn fa CO2 lọ. Lórí àwòrán, wọ́n ń dúró de omi tó ti rìn lọ sí òsì. Èkejì, wọ́n ń fi sódà, ìyẹn sódíọ́ọ̀mù kábọ́nééti, sínú omi náà. Fún ẹyọ kan tí wọ́n bù sí i, alikalíníìtì ń gòkè ní ìlọ́po méjì, kábọ́ọ̀nù ń lọ sí ọ̀tún ní ẹyọ kan: ọ̀nà kan náà tí karawun ń gbà wálẹ̀ ni sódà ń gbà gòkè padà. Oògùn méjèèjì ń gbé pH sókè, ṣùgbọ́n kì í ṣe pH ni àwọn ọmọ ọ́yísítà ń wá. Ní 2015, George Waldbusser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti fi ọgbọ́n ya pH, CO2 àti kábọ́nééti sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú omi ìdánwò, kí ọ̀kan lè yí padà láìfa èkejì dání. Bí kábọ́nééti ṣe pọ̀ tó láti fi kọ́ karawun ni ó ń pinnu bí karawun àkọ́kọ́ yóò ṣe rí. Láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ni ọmọ náà ń kọ́ ọ, oúnjẹ inú ẹyin nìkan ni ó sì ní láti fi ṣiṣẹ́.

Ìpíndọ́gba kò tó

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àfojúsùn kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, 14.3, nínú àwọn tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ní 2015. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, 14.3.1, jẹ́ ìpíndọ́gba pH láti àwọn ibùdó tí a yàn. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi yàn án: pH rọrùn láti sọ, gbogbo ènìyàn ló sì ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba etíkun ni ó ń fi òru tó ń jìn pamọ́ sẹ́yìn ọ̀sán tí kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, òru sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Adrienne Sutton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ léfòó 40 ṣírò ní 2019 bí yóò ṣe pẹ́ tó kí ọwọ́ aráyé tó hàn kedere nínú omi. Ní agbami, ọdún 8 sí 15. Ní etíkun, ọdún 16 sí 41. Ètò tí kò bá lè gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ní rí ohun tó ń wá, bó ti wù kí ẹ̀rọ rẹ̀ dára tó. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ GOA-ON, tó so àwọn tó ń wọn òkun pọ̀ káàkiri ayé, fi ya iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ẹni tó ń wá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lónìí àti lọ́la lè fara mọ́ àṣìṣe pH tó tó 0.02, ẹni tó ń wá ìyípadà ọlọ́dún gbọọrọ kò gbọdọ̀ ju 0.003 lọ. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí à ń tì bọ omi etíkun lè ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ dáadáa. Iṣẹ́ kejì kọjá agbára rẹ̀, kò sì yẹ kí á máa fi àwòrán-ìlà rẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí kò lè sọ.

Bí ibùdó etíkun kan bá ti ní ẹ̀rọ pH, tí owó sì kù fún ohun kan péré, ìgò omi fún alikalíníìtì ni èmi yóò kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí kò fẹ́ ẹ̀rọ olówó gọbọi, omi náà sì ṣeé tọ́jú fún oṣù púpọ̀ kí á tó wọ̀n ọ́n. Ìkìlọ̀ kan wà fún ẹnu odò tí ewé jíjẹrà ti sọ omi rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Àwọn ásíìdì tó ti ara ewé wá máa ń bá báíkábọ́nééti pín nínú ásíìdì tí à ń kán, alikalíníìtì tí a kà á sì tóbi ju èyí tí kábọ́ọ̀nù ní lọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ibẹ̀ máa ń wọn àpapọ̀ kábọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kí ó di mẹ́ta. Wọ́n á fi méjì ṣírò ẹ̀kẹta, wọ́n á sì fi ìṣirò náà wé ohun tí ẹ̀rọ kà. Iye tí méjèèjì fi yàtọ̀ síra ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tí odò ti kó wọnú omi náà.